Ìṣẹ́jú Méjìdínlógójì ní Bẹ́ẹ̀dì Kẹta

Ìyá Páásíwọ́ọ̀dù ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn tí mò ń sọ yìí, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Surulere, lápá Ìpọ̀nrí, ni kí n máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ: èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, èyí tó ń fún aláìsàn ní oògùn díẹ̀díẹ̀ lójú iṣan, àti àwọn mìíràn. Láyé àtijọ́, tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹ ó tú u, ẹ ó tún un ṣe, ó parí. Nísinsìnyí, gbogbo wọn ló ti di kọ̀ǹpútà. Wáyà kan náà ló so wọ́n pọ̀, nǹkan burúkú tó bá sì wọ inú ọ̀kan lè gba ojú wáyà yẹn wọ inú ìkejì. Ohun tí mo máa ń pariwo lé lórí nìyẹn. Mo ti bá wọn jà lórí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sórí sẹ́lótéèpù, tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ̀rọ gan-an kí wọ́n má bàa gbàgbé. Mo ti bá wọn jà lórí fóònù tí wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀rọ aláìsàn. "Àǹtí, iná díẹ̀ náà ni mo fẹ́ gbà o." Iná díẹ̀! Màá fa wáyà yẹn yọ ni, màá gbé fóònù lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, màá bá tèmi lọ. Onínúfùfù ni mí, mi ò ní purọ́.

Ibi tí mo ti máa ń pariwo jù ni yàrá àwọn tí àìsàn wọ́n le. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ kékeré kan wà lókè orí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìlù ọkàn, ó ń ka atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan sì wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kó ohun tí mọ́nítọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá rí jọ. Àwọn mọ́nítọ̀ kékeré yẹn ti gbó, wọn kì í tọ́jú nǹkan kan sínú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti pa ohùn àwọn mọ́nítọ̀ kékeré náà, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn, àwọn ẹbí sì ń ṣàròyé. Èmi náà fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì á dún fún gbogbo wọn, kí ló tún kù? Ihò tí wọ́n ń ki fíláàṣì bọ̀ lára kọ̀ǹpútà yẹn, mo ti tì í pa pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kọ ọ́ sórí sẹ́lótéèpù kankan.

Láàárọ̀ gbogbo, ní aago méje, kí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú tó fi iṣẹ́ lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, wọ́n máa ń dúró yí tábìlì yẹn ká, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn á tẹ́wọ́, wọ́n á ṣe àmín tiwọn. Tó bá wá di ọjọ́ kìíní oṣù, àdúrà náà máa ń gùn, nítorí pé àdúrà wíwọ oṣù tuntun ni. Mátírọ́nì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ìyá Ìjẹ̀bú ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìyá mi kú ní Iléṣà, òun ló kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, tó wá bá mi sin òkú, tó sì sùn tì mí lórí ẹní. Mọ́mì ni mò ń pè é.

Ọjọ́ kìíní oṣù kan, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ orin kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo wà nínú yàrá náà, mò ń yẹ bátìrì ẹ̀rọ kan wò, nígbà tí Mátírọ́nì wá bá mi pẹ̀lú fíláàṣì.

"Ọmọ mi, ṣí ihò kọ̀ǹpútà yẹn fún mi, jàre. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Orin mẹ́ta péré ni."

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Kò ṣeé ṣe. Kọ̀ǹpútà aláìsàn nìyẹn o."

"Ṣé orin Ọlọ́run ló máa wá pa aláìsàn?"

Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Páásíwọ́ọ̀dù, ẹ ṣàánú wa!" Ó wá bo ẹnu ẹ̀, nítorí ó ti gbàgbé pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo bi Mátírọ́nì pé níbo ló ti kó orin sínú fíláàṣì náà. Ó ní ní Yaba ni, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tẹ́júoṣó tó ń kó orin fún èèyàn. Mo mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Gbogbo fíláàṣì tó wà ní Yaba ló ti kọjá lára kọ̀ǹpútà wọn, àtèyí tó mọ́ àtèyí tí kò mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. 

"Ẹnjiníà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "èmi tí mo tó bí ẹ lọ́mọ, mo wá ń bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn ọmọdé yìí?"

Ó tán. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù, mo ṣí i. Mo ní màá dúró tì wọ́n títí orin mẹ́ta á fi parí, kí n wá tì í padà. Orin kejì ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n pè mí láti tíátà: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ kò ṣeé tì mọ́, dókítà sì ti fọwọ́, ó ń dúró. Mo sáré lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo rò pé màá fi ṣe é.

Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta nígbà náà, télọ̀ ni, ará Mushin. Ìfun rẹ̀ ló lu, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn gan-an ló wo apá aṣọ iṣẹ́ mi, tó ní, "Àǹtí, ta ló rán eléyìí fún yín? Ẹ lọ gba owó yín padà." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó rẹ̀ kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì ìta. Oògùn ìrora tó lágbára ni wọ́n ń fún un, oògùn náà sì lè mú kí èèyàn máa mí díẹ̀díẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bo ihò imú àti ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn, ìdí nìyí tí mọ́nítọ̀ fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Kò sí ohun mìíràn tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀rọ tíátà yẹn fi ojú mi rí màbo. Nígbà tí mo máa fi padà, wọ́n ti parí àdúrà. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń kó báàgì wọn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń da iye tí wọ́n rí lójú kọ̀ǹpútà kọ sínú fáìlì aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Fíláàṣì ṣì wà nínú ihò. Mo fà á yọ pẹ̀lú ìbínú. Mo ti mọ́úsù, àmì ojú kọ̀ǹpútà kò mira. Mo tún un tì. Mo wá gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà náà. Bẹ́ẹ̀dì kìíní, ó dáa. Bẹ́ẹ̀dì kejì, ó dáa. Bẹ́ẹ̀dì kẹta, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ìlù ọkàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo dúró, mò ń wò ó. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ọkàn èèyàn wo ló ń lù báyẹn? Mo wo aago tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà: méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo wo aago ara ògiri: mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo yíjú sí àwọn tó wà nídìí tábìlì.

"Ìgbà wo lẹ fojú ara yín wo àwọn aláìsàn yìí gbẹ̀yìn?"

"Àǹtí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò wọ́n ni," nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé dáhùn. "Gbogbo wọn ń ṣe dáadáa." Ó sì na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Mi ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ẹni bẹ́ẹ̀dì kìíní ń sùn, ó ń hanrun. Ẹni bẹ́ẹ̀dì kejì wò mí, ó ní ẹ káàárọ̀. Wọ́n ti fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì kẹta ká nítorí pé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí wọ́n fi bò ó nímú ti yọ̀ sí ọrùn. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètè rẹ̀ ti rí bí eérú. Mọ́nítọ̀ kékeré tó wà lókè orí rẹ̀ ń tan iná pupa, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, kò sì dún rárá. Méjìdínlọ́gọ́ta ló kọ síbẹ̀.

Mo lọgun. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Wọ́n ní "Mọ́mì! Mọ́mì!" ni mò ń pè.

Mátírọ́nì ló kọ́kọ́ dé. Ìyá àgbà yẹn fò ju àwọn ọmọ kéékèèké lọ. Ó fa àgbọ̀n ọkùnrin náà sókè, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ́síjìn bò ó, ó ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Dókítà sáré wọlé, ó mú àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ atẹ́gùn sí èèyàn nínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tó ń pa agbára oògùn ìrora wá, kíá. Èmi ń wo mọ́nítọ̀ kékeré yẹn. Ọgọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta. Mò ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rọ ò létí. "Gòkè, jọ̀ọ́. Gòkè, mo bẹ̀ ẹ́."

Ibẹ̀ la wà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan pariwo láti bẹ́ẹ̀dì karùn-ún pé ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn lóògùn ti dúró fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ti di funfun báláú. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà náà pa. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Fáírọ́ọ̀sì tó bá fíláàṣì wọlé, nǹkan burúkú tí mo máa ń pariwo lé lórí, ti kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ó ti gba ojú wáyà, ó ń wọ inú àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sáré sí kọ́bọ́ọ̀dù tí gbogbo wáyà yàrá náà ti pàdé. Kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tó ṣí, mi ò yan èyí tí màá fà, mo kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, mo já wọn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ṣì ń fi ọkùnrin yẹn hàn bí ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Mo yí i pa láti ara ògiri.

"Kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan!" mo ké. "Ẹ fọwọ́ yín wo ìlù ọkàn. Ẹ máa wo àyà wọn bóyá ó ń gòkè. Ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀rọ!" Wọ́n lọ. Àwọn tó ti gbé báàgì kọ́ apá sọ ọ́ sílẹ̀. Mò ń lọ láti orí mọ́nítọ̀ kan sí òmíràn, mò ń ṣí ohùn wọn padà, yàrá náà sì kún fún ariwo. Nígbà tí mo máa fi padà dé bẹ́ẹ̀dì kẹta, ó ti di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Dókítà ń làágùn. Mátírọ́nì ṣì di àgbọ̀n ọkùnrin náà mú. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú.

"Ó tó ìṣẹ́jú mélòó tí atẹ́gùn ti kéré?" Dókítà bèèrè. Kò bèèrè tìbínú-tìbínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni, nítorí pé ìyẹn ló máa sọ bí ọpọlọ ọkùnrin náà á ṣe rí tó bá jí. Wọ́n gbé fáìlì wá. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní aago méje ààbọ̀, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni. Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ bú sẹ́kún, nítorí ojú kọ̀ǹpútà ló ti dà á kọ, ojú kọ̀ǹpútà tó ti kú. Láti aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá títí di ìgbà tí mo ṣí kọ́tìnì, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni. Ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ogún. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn pe èmi àti Mátírọ́nì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: mo ní èmi ni mo ṣí ihò náà. Mátírọ́nì ní òun lòún fipá mú mi. Ọ̀gá náà ní ọkùnrin náà ṣì wà láàyè, iṣẹ́ abẹ tó le ni wọ́n ṣe fún un, irú nǹkan báyìí sì máa ń tẹ̀lé e. Ó ní ohun tí a máa sọ fún ẹbí nìyẹn. Nígbà tí a jáde, Mátírọ́nì di apá mi mú ní kọ́rídọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí."

Inú bí mi sí i. Mo já apá mi gbà. Ṣùgbọ́n mi ò lọ bá ìyàwó ọkùnrin náà lórí bẹ́ǹṣì. Mo gba ẹ̀yìn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìn, mò ń fọ àwọn ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń sọ fún ara mi pé tó bá jí, tí orí rẹ̀ sì pé, kí ni àǹfààní kí n máa da ọkàn obìnrin náà rú? Tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Yaba níbi tí mò ń gbé, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù a máa bà mí láti wọṣọ.

Ó jí ní ọjọ́ kẹrin. Ó mọ ìyàwó rẹ̀. Ó bèèrè omi. Háà, ariwo ayọ̀ tó sọ! Mátírọ́nì kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Èmi náà lọ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo fọ ojú mi, mo sì pinnu pé ó ti parí, mi ò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí i, àwọn mẹ́ta. Mò ń so wáyà tuntun mọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó pe èyí àkọ́kọ́, ó fọwọ́ pa á lórí. Ó pe èkejì, ó ní ṣé kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ẹ̀kẹta, obìnrin ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ó ti fò mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i padà. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí?"

Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ń ṣeré ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì dá ẹ̀rín náà dúró. Ó ní, "Dádì, ẹ yéé ṣeré." Ọkùnrin náà ní òun ò ṣeré, ọmọ náà dára, ọmọ ta ni?

Nígbà tí mo jáde sí kọ́rídọ̀, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé mi. Mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí látàárọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Mo rí bí ẹ ṣe ń sáré láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní àìsàn náà ni. Ṣé àìsàn náà ni?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi.

"Rárá," mo ní. "Kì í ṣe àìsàn. Èmi ni mo ṣí ohun tí kò yẹ kí n ṣí, mo sì fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó ké nígbà tí ọkọ yín kò mí dáadáa mọ́ ti kú, a ò mọ̀."

"Ó tó ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mi ò mọ̀. Kò lè ju ìṣẹ́jú méjìdínlógójì lọ. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ nínú rẹ̀. A ò lè mọ̀ ọ́n láéláé."

Mo retí pé kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi létí. Ó kàn rọra fi ọwọ́ mi sílẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé ibi tí ọkọ mi wà mọ́."

Ó padà wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn ní gíláàsì lójú, mi ò sì lè kúrò níbẹ̀. Ó gbé ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sínú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó wá pe orúkọ ọmọ náà fún un, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà pè é tẹ̀lé e. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, bí àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọ ọlọ́mọ, ó ní:

"Ó dáa. Ilé ìwé wo lò ń lọ?"